Kúátẹ́ẹ̀tì Ravel, Orin Tí Wọn Ò Fún Ní Ẹ̀bùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nílé àti lẹ́yìn odi. Tí wọ́n bá dárúkọ Maurice Ravel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń kọ orin, Boléro ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ọdún 1928 ló kọ ìyẹn, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri. Èyí tí mo fẹ́ ká jọ gbọ́ lónìí ti wà ní ọdún 25 ṣáájú: kúátẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn orin fún ohun èlò mẹ́rin, ní kíì F (kíì ni ohùn tí orin fi ṣe ilé), fún fáyólìn méjì, fíólà kan (ó tóbi ju fáyólìn díẹ̀) àti ṣẹ́lò kan (èyí tó tóbi jù, tó ń ta ohùn ìsàlẹ̀). Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní December 1902, ó sì parí rẹ̀ ní April 1903. Kúátẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kọ láyé rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á rí i pé gbogbo ọgbọ́n tí Ravel ń dá títí tó fi kú ní 1937 ti wà nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gabriel Fauré, tí òun náà ń kọ orin, ni Ravel ní Conservatoire, ilé ẹ̀kọ́ orin ìlú Paris, nígbà náà. Ó gbé ìpín kìíní nínú mẹ́rin tí orin náà ní lọ síbi ìdíje ní January 1903, kò gba ohunkóhun. Ọdún yẹn náà ló kúrò ní kíláàsì. Síbẹ̀, orúkọ Fauré ló kọ sí iwájú orin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi í dá lọ́lá. Ẹgbẹ́ Heymann ló kọ́kọ́ ta á fáyé gbọ́, ní March 5, 1904.

Ibì kan wà nínú ìpín kìíní yẹn tí mo gbà pé ó tó gbé ẹ̀bùn fún un lójú ẹsẹ̀. Òfin ilé ẹ̀kọ́ ni pé tí orin bá ní kókó méjì, ìyẹn ìlà orin pàtàkì méjì, ìkejì á kọ́kọ́ jáde ní kíì mìíràn, tó bá wá di apá ìparí, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ padà sí kíì ilé. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń ṣí nípò. Kókó kejì Ravel jáde ní D minor (minor ló máa ń dún bí ìbànújẹ́, major ló máa ń dún bí ayọ̀): fáyólìn kìíní àti fíólà ń ta orin kan náà, ọ́kítéèfù méjì ló wà láàárín wọn (láti D kan sí D tó tẹ̀ lé e lókè ni ọ́kítéèfù kan), jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń ta á. Nígbà tó tún padà wá lápá ìparí, fáyólìn méjèèjì àti fíólà ò ṣí ìka kúrò. Nóòtì tí wọ́n ta lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n tún ń ta. Ṣẹ́lò nìkan ló gòkè, láti D sí F, ni orin tó ti ń bani nínú jẹ́ díẹ̀ bá di F major. Èèyàn kan ṣoṣo ló sún, ilé sì ti débá wọn níbi tí wọ́n wà.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ níbẹ̀ ni pé àwọn mẹ́ta tó wà lókè mọ̀ pé kíì ti yí, wọ́n á wá fẹ́ fi ohùn wọn ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: wọ́n á ta á sókè díẹ̀, wọ́n á gbọn ìka lórí okùn jù kí ohùn lè máa mì. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ta á lákọ̀ọ́kọ́ gan-an ni kí wọ́n ta á, kí wọ́n jẹ́ kí ṣẹ́lò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ fi íáfóònù sétí, torí ẹ̀rọ kékeré tó wà lára fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ ṣẹ́lò jáde dáadáa. Tí ẹ ò bá gbọ́ ṣẹ́lò, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ okùn. Okùn fáyólìn ni G, D, A, E. Ti fíólà àti ṣẹ́lò ni C, G, D, A. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà márùn-ún: C, G, D, A, E. Nínú kíì F major, máràárùn-ún wà níbẹ̀. Nínú A minor, tó jẹ́ kíì ìpín kejì, máràárùn-ún tún wà níbẹ̀. Tí ìka bá wá tẹ nóòtì kan tó bá okùn tí a ò fọwọ́ kàn mu, okùn yẹn á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, ohùn á sì kún. Ìdí nìyẹn tí ìpín kejì fi ń dún gbànjan-gbànjan bí wọ́n ṣe ń fi ìka ta á láìlo ọrun, igi tí wọ́n fi ń fa okùn. Àmọ́ ìpín kẹta, tó lọ́ra gan-an, G flat major ló fìdí kalẹ̀ sí (flat ni nóòtì tí a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀). Ẹ wò ó: G flat, A flat, B flat, C flat, D flat, E flat, F. Okùn òfìfo, ìyẹn okùn tí ìka ò tẹ̀, kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Kò sóhun tó ń dáhùn. Wọ́n tún wá fi nǹkan kékeré há afárá ohun èlò wọn, igi kékeré tó gbé okùn ró, láti bo ohùn mọ́lẹ̀. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀, inú ló ti ń wá.

Ìyà ẹni tó ń ta á ni pé kò rí okùn kankan fi wọn ohùn rẹ̀. Tí fáyólìn kejì bá lọ sílẹ̀ bíńtín, kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn nóòtì tó jọ ń dún pa pọ̀, ti wó. Bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń tún un ṣe ni pé kí ṣẹ́lò mú G flat rẹ̀ dúró láìgbọn ìka, kí àwọn tó kù máa gun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn tó bá ṣẹ́lò mu jù lọ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó tán ni wọ́n tó lè máa gbọn ìka.

Nínú ìpín kejì, ọ̀nà kíkà méjì, 6/8 àti 3/4, ló jọ ń rìn. Nóòtì mẹ́fà kan náà ni: ẹnì kan ń kà á ní kan-méjì-mẹ́ta, kan-méjì-mẹ́ta, ẹlòmíì ń kà á ní kan-méjì, kan-méjì, kan-méjì. Ẹni tó ti dúró ti àwọn onídùndún rí kò ní nílò àlàyé lórí èyí. Ewu ibẹ̀ ni ìkánjú. Okùn tí a fi ìka ta kì í pẹ́ kó tó kú, ọwọ́ á sì fẹ́ sáré lọ bá èyí tó kàn. Ó tún ní agbedeméjì kan tó lọ́ra, tí àwọn tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń rò pé ìpín mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpín ìkẹyìn kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, 5/8 sì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìbínú. Fauré fúnra rẹ̀ rò pé ó kúrú jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kókó ìpín kìíní tún ń yọjú nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mìíràn, ohun tó bá sì ń sáré báyẹn kò yẹ kó pẹ́. Ẹ kà á sókè bó ṣe ń lọ: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Tí ẹ bá gbọ́ àwọn kan tó dà bíi pé ẹ̀fà wà níbẹ̀, wọ́n ń sinmi níbi tí Ravel ò ní kí wọ́n sinmi.

Gbogbo rẹ̀ ò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ìpín kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ lè ka nóòtì, ìwé rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ibi ìkówèé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti ilé ìtẹ̀wé Durand, ọdún 1910, ni kí ẹ mú, torí Ravel tún orin náà wò kí wọ́n tó tẹ ẹ́. Ẹ máa fi ìka tẹ̀ lé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, ti ṣẹ́lò, nínú ìpín kìíní, títí tí F yẹn á fi dé.