Wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ lè má jẹ́ iye tó ń jẹ

Ẹ yí ìdí kẹ́tùlù oníná wò, ẹ ó rí nǹkan bíi “230 V, 1000 W”. Ọ̀pọ̀ gbà pé 1000 wáàtì ló ń jẹ nígbàkúùgbà. Irọ́ ni. Orí fóltéèjì 230 fóltì, ìyẹn ipá tó ń ti iná gba inú wáyà, ni wáàtì yẹn dúró lé. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni ìdènà, ìyẹn bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dí kọ́rẹ́ǹtì (iná tó ń ṣàn) lọ́nà tó. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Georg Ohm, ará Jámánì, ló tẹ òfin náà jáde ní 1827: ẹ fi kọ́rẹ́ǹtì pín fóltéèjì, ìdènà nìyẹn. Agbára, tí a ń fi wáàtì wọ̀n, ní tirẹ̀ jẹ́ fóltéèjì lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì. Fún kẹ́tùlù wa, 1000 ÷ 230 jẹ́ 4.35 áḿpù (ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì), 230 ÷ 4.35 jẹ́ 52.9 ohm (ìwọ̀n ìdènà).

Ká wá ní iná ò lágbára ní ìrọ̀lẹ́, tí mítà ka 160 fóltì. 160 ÷ 52.9 jẹ́ 3.02 áḿpù, 160 × 3.02 jẹ́ nǹkan bíi 483 wáàtì péré. Fóltéèjì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín, àmọ́ agbára ti dín ju ìdajì lọ, torí bí fóltéèjì ṣe ń wálẹ̀ ló ń fa kọ́rẹ́ǹtì wálẹ̀ mọ́ra. Lítà omi méjì tó yẹ kó hó ní bí ìṣẹ́jú 10 á wá gbà ju 20 lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ wọn fóltéèjì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí fóltéèjì máa ń já wálẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ń fa iná. Mítà tó ń fi ẹnu gbá wáyà mú ló dára jù fún kọ́rẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ni kó gbá mú. Tó bá gbá méjèèjì pọ̀, òdo ló máa kà. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná kí ẹ tó wọn ìdènà. Ẹ má sì gbàgbé okùn mítà sí ihò áḿpù kí ẹ tún wá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: iná á gba inú mítà kọjá tààrà, fúùsì rẹ̀ á jó, bóyá mítà fúnra rẹ̀.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń sọ ìdí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń yọ́. Ká ní ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀, tó wá ní ìdènà 0.5 ohm. Kẹ́tùlù 2000 wáàtì ń fa 8.7 áḿpù: 8.7 × 8.7 × 0.5 jẹ́ nǹkan bíi 38 wáàtì, gbogbo rẹ̀ lójú ibi tíńtín kan. Áyọ́ọ̀nù tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fúùsì 13 áḿpù ò ní já, torí kọ́rẹ́ǹtì ò tíì pọ̀ jù lójú tirẹ̀.

Gílóòbù onífọ́nrán àtijọ́ kò tẹ̀lé ìlànà yìí tán. Èyí tó jẹ́ 60 wáàtì ní 240 fóltì ní 960 ohm nígbà tó ń tàn, àmọ́ tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní tútù, ó lè má tó 100. Ti fùríìjì tilẹ̀ burú jù. Mọ́tò ló wà nínú rẹ̀. Tí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀ jù, mọ́tò lè kọ̀ láti yí, kó máa fa kọ́rẹ́ǹtì rẹpẹtẹ títí wáyà inú rẹ̀ á fi jó. Ní 160 fóltì, ẹ lè fi kẹ́tùlù sílẹ̀ kó máa falẹ̀, àmọ́ ẹ yọ fùríìjì.