Kí ló dé tí bọ́tìnì yìí kọ̀ tí kò lọ sáàárín? Bí a ṣe ń to àpótí nínú Jupyter

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Lónìí a ò ní ṣe ìṣirò kankan. Títo nǹkan sójú ìwé la fẹ́ ṣe, nínú Jupyter (ìwé orí kọ̀ǹpútà tí a ti ń kọ kóòdù Python, tí èsì ń jáde sójú kan náà), pẹ̀lú ipywidgets (àkójọ bọ́tìnì, sílaídà àti àpótí fún Jupyter), àwọn àpótí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HBox àti VBox. Ẹ wo sikirííni mi. Sílaídà méjì nìyí (ohun tí a ń fà láti yan iye), bọ́tìnì kan, àti ìlà kan tí èsì máa jáde sí. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni mo ṣe é fún, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ yáwó lè rí iye tí á máa san lóṣooṣù.

Kóòdù tó ń ṣírò owó yẹn ò gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú. Bọ́tìnì yìí ló gba odindi ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó lọ sáàárín, kò lọ. Mo pa kernel (ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù), mo tún un tàn, ó ṣì jókòó sápá òsì bí ẹni tó ti sanwó ibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fi hàn yín, torí ó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tò ó. Àpótí ńlá wà, VBox ni, mo pè é ní gbogbo. VBox máa ń to nǹkan lérí ara wọn, bí ẹni to àwo. Sílaídà iye owó, tí mo pè ní iye, ló wà lókè, ti oṣù, tí mo pè ní osu, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àpótí kékeré kan, HBox, tí mo pè ní isale, tí bọ́tìnì wà nínú rẹ̀. HBox ní tiẹ̀ máa ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí èèyàn tó tò sórí ìlà ní báǹkì. Èsì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Layout ni ibi tí a ti ń sọ bí àpótí ṣe máa rí. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ nìyí, kí bọ́tìnì lè lọ sáàárín:

isale.layout.justify_content = 'center'

Mo tẹ Shift pẹ̀lú Enter. Kò sí àṣìṣe kankan tó jáde, bọ́tìnì náà ò sì mira.

Ó dáa. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ má tíì ti ohunkóhun. Ẹ kun ààlà àpótí yẹn ní pupa ná, kí ojú yín lè rí i (px ni ẹyọ ìwọ̀n ojú sikirííni).

isale.layout.border = '1px solid red'

Ẹ rí i? Ẹ sún mọ́ sikirííni yín. Ìlà pupa yẹn lẹ̀ mọ́ bọ́tìnì pinpin, lọ́tùn-ún lósì. Fífẹ̀ àpótí náà ò ju ti bọ́tìnì lọ. Àárín wo ni kó wá lọ? Ó ti wà láàárín àpótí rẹ̀ látàárọ̀! Àpótí gan-an ni kò ní àyè.

Èmi ni mo sì fa á. Lókè níbẹ̀, nígbà tí mo dá gbogbo sílẹ̀, mo kọ align_items = 'flex-start' mọ́ ọn, torí mo ti rí i nínú kóòdù ẹlòmíì, mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é. Tí a ò bá kọ ọ́ rárá, VBox máa ń na àwọn ọmọ inú rẹ̀ tí kò ní fífẹ̀ kan pàtó dé etí ògiri méjèèjì. Tí a bá kọ 'flex-start', ó máa ní kí kálukú gba ìwọ̀n ara rẹ̀, kó sún sápá òsì. Isale wá súnkì.

Ọ̀nà méjì la lè gbà tún un ṣe. Àkọ́kọ́:

isale.layout.width = '100%'

Ẹ wo ìlà pupa bó ṣe sáré dé etí ọ̀tún. Bọ́tìnì náà ti bọ́ sáàárín. Èkejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni kí n yọ ohun tí mi ò mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́ kúrò: gbogbo.layout.align_items = None. Mo dá fífẹ̀ isale náà padà sí None. Àárín ṣì ni bọ́tìnì wà. Ẹ tún kíyè sí i pé mi ò tún àpótí kankan dá. Layout gbà kí a máa yí i padà lẹ́yìn tí nǹkan ti jáde, ojú ẹsẹ̀ ló sì máa ń hàn.

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú la dé yìí. Justify_content àti align_items, èwo ló ń ti nǹkan lọ sọ́tùn-ún sósì, èwo ló ń gbé e sókè sísàlẹ̀? Ó dá lórí àpótí. Justify_content ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí àpótí fi ń tò. Align_items ń dábùú ọ̀nà yẹn. Nínú HBox, ìbú ni justify_content ń ṣiṣẹ́. Nínú VBox, òòró ni. Torí náà, ẹni tó bá kọ justify_content = 'center' sí VBox tó ń retí kí nǹkan lọ sáàárín ìbú máa retí títí. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ àárín òòró ló fẹ́, VBox yẹn gbọ́dọ̀ ní gíga tó ju ohun inú rẹ̀ lọ, bíi gbogbo.layout.height = '400px'. Ọ̀rọ̀ àyè náà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi bọ́tìnì kejì kún isale, “Nù ún”, kí ẹ lè rí ìyókù. 'space-between' á gbé ọ̀kan lọ sí etí òsì, á gbé èkejì lọ sí etí ọ̀tún. 'space-around' á pín àyè yí wọn ká. 'flex-end' á kó àwọn méjèèjì lọ sọ́tùn-ún. Ẹ dán wọn wò fúnra yín.

Ó kan àyè ìta, ìyẹn margin. Ẹ fi ojú ilé wò ó: border ni fẹ́ńsì, padding ni àyè láti fẹ́ńsì dé ara ilé, margin ni àyè láti fẹ́ńsì yín dé ti aládùúgbò. Nọ́ńbà mẹ́rin la máa ń kọ, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí: òkè, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì.

isale.layout.margin = '20px 0 10px 0'

Ẹ má wá margin_left o, kò sí i níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òsì nìkan lẹ fẹ́, ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi òdo sí mẹ́ta. Tí ẹ bá sì kọ 20 lásán láìfi àmì ọ̀rọ̀ yí i ká, TraitError, ìyẹn ìkéde àṣìṣe, máa jáde, ìyẹn dáa, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ṣì í. Èyí tó ń dunni ni '20', tó wà nínú àmì ọ̀rọ̀ tí kò ní px lẹ́yìn. Kò ní pariwo, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Mo ti wo irú rẹ̀ títí ojú fi ń ro mí.

Auto náà wúlò níbí. Ẹ fún bọ́tìnì “Nù ún” ní margin = '2px 2px 2px auto', ó máa gba gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù lósì rẹ̀, á bọ́ sí etí ọ̀tún, láìkan èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi kọ 2px? Torí iye tí ipywidgets ń fún sílaídà àti bọ́tìnì láti ilẹ̀ nìyẹn, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òdo ni ti HBox àti VBox. 2px yẹn kéré, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń fà. Mo fẹ́ kí sílaídà fẹ̀ dé etí:

iye.layout.width = '100%'

Ọ̀pá ìyílọ-yíbọ̀ (scrollbar) ti yọ nísàlẹ̀ àpótí. 100% ti gba gbogbo àyè, 2px ọ̀tún àti 2px òsì tún wá lé e, ó fi 4px ju àpótí lọ. Ẹ kọ 'auto' dípò 100%. VBox á nà án fúnra rẹ̀, á sì yọ àyè ìta kúrò kó tó nà án. Ọ̀pá yẹn ti lọ.

Èyí tó kàn jẹ́ ti àwa tí à ń kọ Yorùbá. 80px péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orúkọ tó wà níwájú sílaídà. “Iye owó tí ẹ fẹ́ yá” ni mo kọ, ó gé e kúrú. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ rí i, ó bi mí pé, “Iye owó tí kí ni, ẹ̀gbọ́n?” Ẹ máa rí àwọn tó ń ní kí ẹ kọ 'initial'. Orúkọ máa hàn lóòótọ́, àmọ́ sílaídà kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orúkọ tiẹ̀ parí sí, wọ́n á wá rí wọ́gọwọ̀gọ. Iye kan náà ni kí ẹ fún àwọn méjèèjì:

iye.style.description_width = '160px'
osu.style.description_width = '160px'

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lójú ìlà kan náà báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ dín kíkọ kù nípa fífún sílaídà méjì ní Layout kan ṣoṣo, ẹ rántí pé ohun kan náà ni wọ́n jọ dì mú o: tí ẹ bá yí margin ọ̀kan, ti èkejì yí.

Ó ku ìlà pupa. Mo kọ isale.layout.border = None, ó sì ti parẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fa iye owó lọ sí 200000, oṣù sí 10, kí n wá tẹ “Ṣírò”. Èsì ti jáde nísàlẹ̀.