‘Mi Ò Mọ̀’ Yàtọ̀ sí ‘Kò Sí’: Ọ̀rọ̀ tí Mo Sọ ní Yábàá

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ kú ìrìn. Ẹ ṣeun tí ẹ pa òde ọjọ́ Sátidé tì, tí ẹ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá wá bá wa ní Yábàá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ gba káàdì ní ilé ìwòsàn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Níbi tí wọ́n ti bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́ pé, “Mi ò mọ̀.” Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó ní, “Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́ ni?” Ó ní, “Àǹtí, mi ò sọ bẹ́ẹ̀.” Nọ́ọ̀sì ní, “Kí wá ni ìyàtọ̀?” Ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn ni mo gbé wá lónìí, nítorí ìbéèrè gidi ni.

Ní 1869, ní Lọ́ńdọ̀nù, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Thomas Huxley wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí olúkúlùkù wọn ní orúkọ tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń jẹ́. Òun nìkan ni kò ní. Ló bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà agnostic láti inú èdè Gíríìkì: ẹni tí kò ní ìmọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ohun tó ń sọ ni pé kí ènìyàn má ṣe pe ohun tí kò ní ẹ̀rí ní ohun tó dájú. Ẹ kíyè sí i pé ìmọ̀ ló fi sọ orúkọ yẹn, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Àwa náà kò tíì rí orúkọ tó dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí tí a bá pè é ní aláìmọ̀, èébú ni.

Ṣùgbọ́n èdè wa ti ya ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ sọ́tọ̀ tipẹ́. Ní 1986, Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, gbé ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá. Wọ́n rí i pé “mo mọ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń sọ bó ṣe wù wọ́n. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni wọ́n ń mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ fúnni, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ ìwé, gbígbà ni a gbà á, gbígbọ́ ni a gbọ́ ọ: ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Nípa òṣùwọ̀n yìí, ta ló mọ̀ pé Ọlọ́run wà? Ta ló mọ̀ pé kò sí? Ìyá kan lè sọ fún mi pé òun mọ̀, torí ọmọ òun ṣàìsàn, wọ́n gbàdúrà, ọmọ dìde. Mi ò ní bá a jiyàn, ẹkún rẹ̀ kì í ṣe ẹkún irọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ọmọ tó dìde. Pé Ọlọ́run ló gbé e dìde, ìyẹn ló gbà. Ẹni tó sì ní àdúrà kọ́, oògùn ni, ó gbà náà ni.

Kódà àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn ń jẹ́wọ́ àìmọ̀. Àwámárìídìí là ń pe Olódùmarè: a wá a, a ò rí ìdí rẹ̀. Bí àáfà bá ṣe wáàsí tán, á ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù lọ. Nítorí náà, “mi ò mọ̀” lè jókòó ti “mo gbà”, ó sì lè jókòó ti “mi ò gbà”. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi nìyí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà Balógun. Owó sọnù ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ ló mú un. Ọ̀gá lè sọ pé, “Mi ò gbà pé òun ló mú un.” Ó tún lè sọ pé, “Mo gbà pé òun kọ́ ló mú un.” Ẹni tó sọ ti kejì á fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ náà lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ ṣì lè so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí, torí ohun tó sọ kò ju pé ẹ̀rí kò tíì tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lóde òní ní bí ènìyàn bá ti sọ irú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn nípa Ọlọ́run, ó ti tó láti kà á mọ́ àwọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Táí Ṣólàárín, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, sọ ọ́ gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Kò fara pamọ́ sábẹ́ “mi ò mọ̀”. Tí a bá da òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pọ̀, a ti fi ọ̀wọ̀ àwọn méjèèjì dù wọ́n.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ni mí lára. William James, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní 1896 pé àwọn ọ̀ràn kan wà tí dídúró láìyàn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ yíyàn. Ẹni tó dúró ní Ojúẹlẹ́gbà, tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọ dáńfó CMS tàbí ti Ìkẹjà, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Yálà o kúnlẹ̀ lálẹ́ tàbí o ò kúnlẹ̀, kò sí agbedeméjì ní orúnkún. Nínú ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ àárín “mi ò mọ̀” àti “kò sí” tín-ín-rín gan-an. Ibi tó ti nípọn ni ọkàn: ṣé ènìyàn ti ti ilẹ̀kùn, àbí ó ṣì ṣí i sílẹ̀?

Nígbà tí a débi ìbéèrè, màmá kan dìde. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í bá àwọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó ní òun ò mọ̀, ó sì ti pé ọdún kan tí àwọn ti ń sunkún. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ti bi í rí bóyá ó ṣì ń wá Ọlọ́run?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò bi í rí, pé ìjà ni àwọn ń bá a jà látìgbà yẹn. Wọ́n ní tí àwọn bá délé, àwọn á bi í.