Fífín Àwòrán Rosa Parks sára Líno: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà

Fọ́tò méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń wò ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ní kó yàwòrán Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, àṣìṣe kan náà ni wọ́n sì máa ń ṣe lórí méjèèjì: wọ́n á kọ 1955 sábẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955 ni ọlọ́pàá mú un ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ṣùgbọ́n èyí tó ti mú nọ́ńbà 7053 dání, oṣù Kejì ọdún 1956 ni wọ́n yà á, nígbà tí wọ́n tún kó òun àtàwọn ẹlòmíràn torí pé àwọn aláwọ̀ dúdú ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Èyí tó ti ń wo ìta fèrèsé bọ́ọ̀sì, tí òyìnbó kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1956 ni. Oníròyìn ni òyìnbó yẹn. Ńṣe ni wọ́n ṣètò fọ́tò náà.

Ẹ má sì yà á bí ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń ro. Ẹni ọdún 42 ni, aránṣọ ni, òun sì ni akọ̀wé ẹ̀ka NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ìlú náà. Kò jókòó sí ìjókòó òyìnbó rárá. Ìlà àkọ́kọ́ tí wọ́n fàyè gba aláwọ̀ dúdú ló wà. Ìjókòó òyìnbó níwájú ló kún, ni awakọ̀ bá ní kí àwọn mẹ́rin tó wà ní ìlà rẹ̀ dìde fún òyìnbó. Parks kọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú 7053. Líno, ìyẹn pátákó rírọ̀ tí a máa ń fi ọ̀bẹ fín fún títẹ àwòrán, tó tóbi tó A4, tó nípọn bíi mìlímítà mẹ́ta, ti tó. Tó bá tutù, á le, ọ̀bẹ á máa yọ̀. Ẹ sá a sóòrùn díẹ̀. Ẹ ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́, kí ẹ dojú rẹ̀ dé líno kí ẹ tó fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn síni lára líno, kó tó lè kọjú síni lára bébà. Ẹ gbé e síwájú dígí: tí 7053 bá ṣeé kà nínú dígí, ẹ máa fín in lọ.

Awò ojú rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ jù. Ìlà tínrín tí ẹ fẹ́ kó tẹ̀ dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ máa gbẹ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ náà dagun síta bí ẹsẹ̀ òkè. Tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ wọ abẹ́ ìlà, á ya dànù nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ní ti awọ ara, ojú mímọ́ díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ yọ níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ jù á sọ obìnrin náà di òyìnbó, ohun tí a sì ti gbẹ́ kúrò kò ṣeé dá padà. Ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ sí níwájú ọ̀bẹ láé.

Ẹ yí íńkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí rọ́là á fi máa dún ṣàà. Tó bá ki, á dí ojú nọ́ńbà. Ẹ tẹ́ bébà lé líno tí ẹ ti fi íńkì yí, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi ra bébà láti àárín síta, kí ẹ ká igun kan wò kí ẹ tó ṣí i.

Pẹ́ńsù lẹ fi máa kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀: 1/10 lápá òsì tó bá jẹ́ mẹ́wàá lẹ tẹ̀, orúkọ yín àti ọdún tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún. Àárín ni àkọlé wà: «Montgomery, oṣù Kejì 1956».