Bí Ilẹ̀ Àyíká Ilé Tuntun Ṣe Yẹ Kó Dà

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ẹsẹ̀ ògiri ilé tuntun yìí. Òjò ti dá láti àná, gbogbo àgbàlá sì ti gbẹ, ṣùgbọ́n omi ṣì dúró sí ibi tí ilẹ̀ ti fara kan ògiri, ó sì ń rin wọnú ìpìlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, kòtò tí wọ́n gbẹ́ fẹ̀ ju ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ, wọ́n sì da erùpẹ̀ padà sínú àlàfo tó ṣẹ́ kù. Erùpẹ̀ àdápadà yìí kò lè le bí ilẹ̀ tí ọkọ́ kò kàn rí. Bí òjò ti ń rọ̀ lé e lórí, yóò máa rì wálẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́jọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lè wá dà kọjú sí ògiri nígbà tó bá yá. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọn kí a tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé pẹrẹsẹ, bó ti wù kó dùn ún wò tó.

Ìlànà ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní International Residential Code ní kí ilẹ̀ fi íǹṣì 6 lọ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́ láti ara ògiri. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ gbá èèkàn kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ gbá èkejì síbi tó fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí i, ẹ so okùn mọ́ ìdí àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ níbi tó ti wọlẹ̀, kí ẹ fà á nà dáadáa dé èkejì, kí ẹ sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò pé kò fì síbì kan. Bí àlàfo tó wà láàárín okùn àti ilẹ̀ níbi èèkàn kejì kò bá tó íǹṣì 6, iṣẹ́ ṣì kù.

Ẹ má ṣe fi yanrìn gbé ilẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri sókè, bó tilẹ̀ rọrùn láti tẹ́, nítorí omi yóò gba inú rẹ̀ kọjá tààrà lọ bá ìpìlẹ̀. Erùpẹ̀ tó ní amọ̀ nínú ni kí ẹ lò. Ẹ dà á ní ìpele-ìpele, kí ẹ sì gún ọ̀kọ̀ọ̀kan kó le kí ẹ tó da òmíràn lé e. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí bí íǹṣì 6 lára ìpìlẹ̀ ṣì hàn sókè, kí ikán má baà gba abẹ́ erùpẹ̀ gun ògiri láìsí ẹni tó rí i.

Omi òrùlé ńkọ́? Òjò mìlímítà 10 péré lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100 jẹ́ lítà 1,000 omi. Bí páìpù bá ń da gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri, asán ni gbogbo erùpẹ̀ tí ẹ gún. Ẹ fa ẹnu páìpù náà jìnnà. Níbi tí àyè kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ la ojú àgbàrá tí yóò kó omi lọ.

Nígbà tí òjò bá tún ń rọ̀, ẹ gbé agbòjò, kí ẹ yí ilé ká. Ibi tí omi bá dúró sí, ẹ ri èèkàn mọ́ ọn, kí ẹ lè padà da erùpẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.