Ọ̀tọ̀ ni ká rí ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni kí rọ́bà gbà á kọjá: ìfiwéra àwọn ọgbọ́n tí a fi ń ki rọ́bà èémí bọ ọ̀fun ṣáájú iṣẹ́ abẹ

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, nígbà tí oògùn akunilóorun bá ti wọ ara aláìsàn, tí èyí tí ń dẹ iṣan sì tẹ̀ lé e, kò ní lè mí fúnra rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìbòmú fún un ní ọ́síjìn fún bí ìṣẹ́jú 3 kí ó tó sùn, kí ẹ̀dọ̀fóró lè ní ìpamọ́ tí ara yóò máa ná nígbà tí dókítà bá ń wá ọ̀nà tí yóò ki rọ́bà èémí gbà, èyí tí a ó máa fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìpamọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí mo ti ń fi ọgbọ́n kan wé èkejì.

Ọ̀nà méjì ló wà nísàlẹ̀ ọ̀fun: kòmóòkun tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró wà níwájú, ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Tán-án-ná ni ẹnu ọ̀nà kòmóòkun, ahọ́n ló sì máa ń dí i mọ́ wa lójú. Irin tí a ń pè ní laryngoscope ni a fi ń gbé ahọ́n kúrò. Èyí tó tẹ̀ kọrọdọ, tí Robert Macintosh gbé jáde ní 1943, ló ṣì gbajúmọ̀ jù. Ti Robert Miller, tó nà gbọọrọ, jáde ní 1941, ọ̀pọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ òsì ni a fi ń mú irin náà: a ó tì í wọlé láti apá ọ̀tún ẹnu, a ó gbá ahọ́n lọ sósì, a ó wá gbé e sókè síwájú. Bí ọrùn ọwọ́ bá ti ń yí, eyín òkè ni irin ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, ó sì lè kán.

Ìṣòro irin yìí ni pé ojú dókítà gbọ́dọ̀ lè lọ tààrà láti ẹnu dé tán-án-ná. Ọrùn tí kò ṣeé tẹ̀ sẹ́yìn tàbí àgbọ̀n kékeré yóò dí ojú yẹn. Irin oníkámẹ́rà kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, torí pé ìtòsí ṣóńṣó rẹ̀ ni kámẹ́rà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lo èyí tó tẹ̀ gan-an mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: tán-án-ná yóò hàn kedere lójú ẹ̀rọ, síbẹ̀ rọ́bà yóò máa kọlu ara kòmóòkun níwájú láìlọ, nítorí pé ojú ti yí kọ́nà, rọ́bà kò tíì yí i. Wáyà líle gbọ́dọ̀ wà nínú rọ́bà náà, kí a tẹ̀ ẹ́ bí irin ṣe tẹ̀, kí a sì fa wáyà sẹ́yìn díẹ̀ bí orí rọ́bà bá ti wọ tán-án-ná. Ẹ má sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ nígbà tí rọ́bà ń gba ẹnu wọlé. Rọ́bà tí ojú kò tẹ̀ lé lè gún ẹran ọ̀fun.

Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024 wo iṣẹ́ abẹ tó lé ní 8,000. Àwọn tí a ní láti gbìyànjú fún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ jẹ́ 1.7% pẹ̀lú irin oníkámẹ́rà tó tẹ̀ gan-an, àti 7.6% pẹ̀lú irin àtijọ́. Lójú tèmi, iye ìgbìyànjú yìí ló ṣe kókó jù, nítorí pé bí irin bá ṣe ń tún wọlé ni ọ̀fun ń wú, tí ìpamọ́ ọ́síjìn sì ń tán.

Fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò là rárá, okùn kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí Peter Murphy kọ́kọ́ lò ní 1967, ni mo fara mọ́. A ó fi oògùn mú kí ọ̀fun kú, a ó ti okùn náà gba imú dé kòmóòkun, a ó sì yọ́ rọ́bà lé e lórí wọlé, nígbà tí aláìsàn kò tíì sùn. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ aláìsàn ṣì ń mí fúnra rẹ̀.

Èyí ó wù kí a lò, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáọ́ksáìdì tí aláìsàn ń mí jáde ni ẹ̀rí pé rọ́bà wà ní kòmóòkun. Bí ìlà rẹ̀ bá nà gbalaja lójú ẹ̀rọ tí kò gòkè, kódà kí ẹ búra pé ẹ rí rọ́bà nígbà tó ń kọjá láàárín tán-án-ná, ẹ yọ ọ́, kí ẹ padà sí ìbòmú.