Ìwé Wo Ni Mo Lè Kà Báyìí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, níbikíbi tí ẹ bá wà. Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lónìí, n kò gba àlejò kankan, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pẹ́ lọ́kàn mi, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara mi sọ. Ó dá lórí bí àgbà ṣe ń yan ìwé ìtàn àròsọ fún àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ìwé àárín, èyí tí a ń pè ní middle school níbí ní Amẹ́ríkà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 ni mo ń wí, àwọn tí ìwé ọmọdé ti kéré jù fún, tí ìwé àwọn ọ̀dọ́ sì ṣì lè wúwo jù fún.

Ní ọdún kejì tí mo dé ilé ìkàwé ilé ìwé kan, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹfà tí ó ń ka ìwé bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 11 ni. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi pé ìwé kíkà rẹ̀ ti fi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, pé ó ń kàwé bí ọmọ ọdún 16. Nígbà tí ó wá dúró níwájú tábìlì mi, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni mo lè kà báyìí?", inú mi dùn púpọ̀, mo nawọ́ sí pẹpẹ ìwé àwọn ọ̀dọ́, mo sì fa ọ̀kan yọ tí èmi fúnra mi fẹ́ràn gidigidi, ìwé tí ó gba ẹ̀bùn, tí ó nípọn, tí gbólóhùn inú rẹ̀ sì dùn létí. N kò bi í léèrè ohunkóhun.

Ó dá ìwé náà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ó dára, ó sì yára jáde. Nígbà tí mo ṣí i kí n tó dá a padà sí àyè rẹ̀, mo rí i pé ó ti ká etí ojú ìwé 64, ó sì tún ti fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú padà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ ibi tí òun dé. Ojú ìwé yẹn ni ọmọ inú ìtàn náà ti rí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kà á lórí ìdúró. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, nítorí pé àgbàlagbà ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn náà, ikú kò sì ṣàjèjì sí mi mọ́. Ọmọ yẹn kò wá yá ìwé mọ́ títí tí sáà fi parí.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gba ojú tí ó lè ka ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọkàn náà lè gbé ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà ń lo ìwọ̀n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lexile, tí wọ́n fi ń fún ìwé ní nọ́ńbà, tí wọ́n sì fi ń fún ọmọ náà ní nọ́ńbà, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó bá èyí mu. Bí gbólóhùn ṣe gùn tó àti bí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe wọ́pọ̀ tó ni ìwọ̀n náà ń wò. Kò mọ ẹni tí ó kú, kò mọ ẹni tí wọ́n lù, kò sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wo ìwé tí Elie Wiesel pè ní Night. Kì í ṣe ìtàn àròsọ, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni, láti ìgbà tí wọ́n ti kó òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Nazi ti ń pa àwọn Júù, ní 1944, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Gbólóhùn inú rẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ta kókó, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà nìkan lè kó o fún ọmọ tí kò tíì sùn nínú òkùnkùn rí. Mi ò sọ pé ìwọ̀n náà kò wúlò fún olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n n kì í fi yan ìtàn fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ orí tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà kò tó láti gbára lé. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, American Library Association, ní ẹ̀bùn kan tí ń jẹ́ Newbery, tí wọ́n ti ń fi í fún ìwé ọmọdé láti 1922, tí ó sì kan àwọn ọmọ títí dé ọdún 14. Wọ́n tún ní ẹ̀bùn Printz fún ìwé àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní 2000, tí ó kan àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18. Ẹ ó rí i pé ọmọ ọdún 12, 13 àti 14 wọ inú méjèèjì. Orí àwọn ọmọ tiwa gan-an ni ààlà méjèèjì ti pàdé. Pẹpẹ kan náà ni a ń kó ìwé ọmọ ọdún 12 tí ó ń wá ọ̀rẹ́ sí pẹ̀lú ìwé ọmọ ọdún 18 tí ó fẹ́ filé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, young adult, ni a sì lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í fẹ́ kà nípa ọmọ tí ó kéré sí wọn. Ẹni tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta jù wọ́n lọ ni wọ́n fẹ́ bá rìn.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí àwọn ọmọ ọdún 12 fi lè ka The Outsiders parí, tí wọ́n á sì tún padà wá béèrè rẹ̀. S. E. Hinton kọ ọ́ nígbà tí òun náà ṣì wà ní ilé ìwé, ó jáde ní 1967 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ìjà wà nínú rẹ̀, ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀, ju ẹnì kan lọ ni ó sì kú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ponyboy, ọmọ ọdún 14 tí ó ń sọ ìtàn náà, ní ẹ̀gbọ́n méjì. Bí wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn jà, wọ́n dúró tì í nígbà tí ìbànújẹ́ náà dé, ọmọ tí ó ń kàwé sì ń dúró ti àwọn náà. Nínú ìwé tí mo fún ọmọkùnrin yẹn, kò sí ẹni tí ó di ọmọ inú ìtàn náà lọ́wọ́ mú lẹ́yìn ojú ìwé 64. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ka ìwé tí mo fẹ́ fún ọmọ ilé ìwé àárín, n kì í béèrè bóyá ikú tàbí ìyà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dúró ti ọmọ náà lẹ́yìn tí ìyà bá dé ni mo máa ń wá. Bí n kò bá rí ẹnì kankan, kì í ṣe pé n ó kọ ìwé náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n n ó dúró de ọmọ tí ó ti tó o.

Báwo ni mo ṣe ń mọ ọmọ tí ó ti tó o? Abéèrè kì í ṣìnà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá bi ọmọ pé irú ìwé wo ni ó fẹ́ràn, ohun tí ó rò pé ó máa dùn mọ́ àgbà nínú ni ó máa ń sọ fún mi. Ní báyìí, ohun tí mo ń béèrè ni pé, "Ìwé wo lo pa tì láìkà á tán, ibo lo sì dúró sí?" Ìdáhùn tí ó ń jáde máa ń yà mí lẹ́nu. Ọmọ kan sọ pé ibi tí ajá ti ń ṣàìsàn ni òun dúró sí, nítorí òun ti mọ ohun tí ó ń bọ̀. Òmíràn ní òun ka orí mẹ́rin, kò sì tíì sí nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan dárúkọ ìwé kan tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kà, ó ní ìfẹnukonu inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo ń kó ìwé mẹ́ta síwájú ọmọ náà, tí mo ń sọ ohun tí ó wúwo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ bí ìtàn ṣe parí. Mo lè wí pé, "Bàbá ọmọ yìí wà lẹ́wọ̀n," tàbí pé, "Ẹnì kan kú ní ìbẹ̀rẹ̀ eléyìí, ó sì máa ń dé bá ẹni lójijì." Mo máa ń ní kí wọ́n ka ojú ìwé kìn-ín-ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi á sì kúrò níbẹ̀, nítorí ọmọ tí àgbà ń wò lójú kì í yan èyí tí ó fẹ́. Mo tún máa ń sọ fún un pé kò pọn dandan kí ó kà á tán. Ó ṣòro fún èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà pé ohun tí a bá bẹ̀rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ parí. Ṣùgbọ́n Daniel Pennac, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ẹ̀tọ́ òǹkàwé sílẹ̀ nínú ìwé kan ní 1992. Ẹ̀tọ́ láti fo ojú ìwé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tọ́ láti má ka ìwé tán. Bí ọmọkùnrin ọjọ́sí bá ti mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ yẹn, kò ní fi ìka tẹ etí ìwé náà padà.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí ó kan àwa gan-an tí a ń tọ́ ọmọ lẹ́yìn odi. Ọmọbìnrin kan dé sí kíláàsì keje, orúkọ Yorùbá ni ó ń jẹ́, ayọ̀ mi kún. Kí ó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti gbé Children of Blood and Bone lé e lọ́wọ́, ìwé tí Tomi Adeyemi kọ ní 2018, tí ọfọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ èdè Yorùbá. Ó wo ẹ̀yìn ìwé náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé nítorí orúkọ mi ni ẹ ṣe mú u fún mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè parọ́ fún un. Ó ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni òun ń wá. Ní 1990, Rudine Sims Bishop, onímọ̀ nípa ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ìwé lè jẹ́ dígí tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀, ó lè jẹ́ fèrèsé tí ó fi ń wo ẹlòmíràn, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí ó ń gbà wọlé sí ayé mìíràn. Àwa òbí àti àgbà tí àárò ilé ń sọ máa ń di dígí náà mú ju ìyókù lọ, a sì máa ń tì í mọ́ ọmọ lójú. Mo gbà pé ọmọ tí kò rí ara rẹ̀ nínú ìwé rí ti pàdánù ohun ńlá, mo sì ń ra àwọn ìwé wọ̀nyí sí ilé ìkàwé náà ní gbogbo ọdún. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ni ó yẹ kí ó nawọ́ mú dígí náà. Yàtọ̀ sí èyí, ogun àti ìpànìyàn inú ìtàn Adeyemi dára fún àwọn tí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i, èmi tí mo mọ èyí ni orúkọ lásán mú mi gbàgbé.

Àwọn òbí kan máa ń kọ̀wé sí mi pé ìtàn aláwòrán ni ọmọ àwọn ń kà ṣáá, pé ìyẹn kì í ṣe ìwé. Ìwé ni. Ní 2020, New Kid tí Jerry Craft kọ, tí ó sì yà, gba ẹ̀bùn Newbery, òun sì ni ìtàn aláwòrán àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà á. Ìwé tí a ń fi etí gbọ́ náà ńkọ́? Kí wọ́n máa gbọ́ ọ.

Èyí tí ó le jù ni ti òbí tí ó ṣí ìwé ọmọ rẹ̀, tí ó bá ohun tí kò fẹ́ pàdé níbẹ̀. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ọmọ òun kò ní ka ìwé kan báyìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ sí ni pé kí ó má ṣe já a gbà láìsọ̀rọ̀. Kí ó kà á, ó kéré tán títí dé ibi tí ọmọ náà dé, kí ó sì bi í pé kí ni ó rò nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwé tí a bá já gbà, ọmọ á rí i kà níbòmíràn, òun nìkan ni yóò sì jókòó ti ohun tí ó bá rí.

Ọmọkùnrin ojú ìwé 64 padà wá nígbà tí ó wà ní kíláàsì kẹjọ. Ó ti ga jù mí lọ. Ó ní, "Ìwé tí ẹ fún mi nígbà yẹn, ṣé ó ṣì wà?" Mo bi í bóyá ó rántí ibi tí ó dúró sí, ó ní òun rántí. Mo wá sọ fún un pé lẹ́yìn ibẹ̀, ìyá ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, pé kò sí ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ títí ìtàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pé mo tọrọ àforíjì pé n kò sọ èyí fún un nígbà náà. Ó dúró díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó padà dára?" Mo ní, "Díẹ̀." Ó gba ìwé náà, ó lọ sí pẹpẹ kejì, ó mú ìtàn aláwòrán kan mọ́ ọn, ó ní ó ṣeé ṣe kí òun nílò ìyẹn láàárín kan.